Wákàtí 6 Lórí VLA: Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìbéèrè Mi Láti Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí gáàsì háídírójìn inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá gáàsì tó wà létí rẹ̀ ṣì ń bá ti àárín yí po, tàbí ó ti ń ya lọ. Ojú kò lè rí gáàsì yìí. Orí rédíò la ti ń gbọ́ ọ, ní nǹkan bíi 1420 MHz, a ò sì ní awò-awọ̀nàjíjìn onírédíò tó lè gbọ́ ọ nílé. Àfi kéèyàn tọrọ àkókò lọ́wọ́ àwọn tó ní in.

VLA ni mo yàn, àkójọ awò onírédíò kan ní New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: díìṣì 27, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 25. Wọn kì í wo ọmọ ilẹ̀ ibi tó o jẹ́ kí wọ́n tó gba ìwé rẹ. Nígbà tí mo ka ìyẹn nínú yàrá mi ní Ọbáńtokò, ara mi yá gágá. Ìdí tó o fi ń tọrọ ni wọ́n ń wò.

Wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn lo wá. Awò onírédíò míì tó ń jẹ́ FAST wà ní Ṣáínà, mítà 500 ni díìṣì tiẹ̀. Àmọ́ díìṣì kan ṣoṣo ni, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìwò rẹ̀ kan tán. Á sọ fún mi pé gáàsì wà níbẹ̀, kò ní lè ya etí sọ́tọ̀ kúrò lára àárín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni títò àwọn díìṣì. Orí ojú irin ni wọ́n ti ń gbé wọn sún mọ́ra tàbí jìnnà síra. Èyí tó jìnnà jù, tí wọ́n ń pè ní A, gùn tó kìlómítà 36, ó sì ń rí ohun tó kéré jọjọ. Mo rò pé òun ló dáa jù. Ọ̀gá mi kà á, wọ́n ní, “Gáàsì tìẹ tẹ́ rẹrẹ bí ọyẹ́. Ìtò A ò ní rí i. Ìtò C ni kó o mú.” Bíi kìlómítà 3.4 péré ni C, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù 16 ni wọ́n fi ń yí gbogbo ìtò náà ká. Bí mi ò bá bá a lásìkò yẹn, ó di ẹ̀yìn ọdún kan.

Ó wá ku iye wákàtí. Mo ti kọ 12 sílẹ̀. Ọ̀gá mi ní, “Kí ló dé tí kì í ṣe 3?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Bó ṣe rí nìyí: bó o bá fẹ́ kí ariwo, ìyẹn ìdàrú tó ń bo àmì gáàsì mọ́lẹ̀, dín sí ìdajì, àkókò rẹ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 4. Láti 3 sí 12, ìdajì ariwo péré lo rí gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ. Wọ́n fa aṣọ kan yọ nínú aró, omi rẹ̀ ṣì ń ro tótó, wọ́n nà án sí oòrùn, wọ́n wò ó pẹ̀lú èyí tí oníbàárà mú wá. Ó bára mu. Wọ́n sá a. Mo ní kí wọ́n rì í lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ó ti dé àwọ̀ tí wọ́n bẹ̀ mí,” ni wọ́n wí.

Àwọ̀ tí wọ́n bẹ̀ mí. Èmi ò tíì sọ tèmi. Mo padà sílé, mo kọ bí gáàsì etí yẹn ṣe gbọ́dọ̀ ṣá tó kí n tó lè dáhùn ìbéèrè mi, mo wá fi ẹ̀rọ ìṣirò àwọn VLA kà á padà sẹ́yìn. Wákàtí 6 ló jáde, títí kan èyí tá a máa fi wo ìdíwọ̀n, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tá a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò.

Ojú ìwé 4 ni wọ́n gbà fún àlàyé. Mo gé ìbẹ̀rẹ̀ tó ń ròyìn gbogbo àgbáyé dànù, mo fi ìbéèrè mi síwájú. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, aago 11 alẹ́ tiwa, ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Nítorí iná, aago 2 ọ̀sán ni mo ti fi ránṣẹ́.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan: wọ́n fún wa ní 6 náà pé. A ò rìnrìn àjò kankan, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń darí díìṣì. Nígbà tí dátà dé, 3C 286 ni mo kọ́kọ́ ṣí, ìdíwọ̀n tá a ti mọ bó ṣe tàn tó. Ó dúró ṣinṣin láàárín àwòrán náà, bá a ṣe retí rẹ̀.