Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ẹ̀dá Inú Oko: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Kòkó àti Ará Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Oǹdó, Ọ̀ṣun, Ògùn, Èkìtì àti Ọ̀yọ́, ẹ kú iṣẹ́ oko. Igbó tí àwọn bàbá wa bá láyé kò sí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tó kù, inú oko wa ni púpọ̀ rẹ̀ wà: ìrókò kan tí ẹnì kan dá sí, igbó díẹ̀ létí odò, oko kòkó àtijọ́ tó ṣú dùdù. Ní igbó ìjọba tó wà ní Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì ń rìn títí dòní, oko kòkó sì ti wọnú igbó náà tipẹ́. Àgbẹ̀ tó bá rò pé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìtọ́jú ẹ̀dá, kó tún wo oko rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí a ń pa tàbí tí a ń lé níbẹ̀ ló ń bá wa ṣiṣẹ́ láìgbowó.

Òdòdó kòkó àti kòkòrò tó ń bá a ṣiṣẹ́

Lásìkò tí kòkó bá ń yọ òdòdó, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ara igi ní kùtùkùtù. Òdòdó rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ara igi gan-an àti ẹ̀ka ńlá ló sì máa ń yọ sí. Oyin kò lè ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀nà ibẹ̀ há jù. Kòkòrò kan bíńtín ló ń ṣe é. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ̀fọn ni, àmọ́ kò tó ẹ̀fọn rárá. Kò gùn ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Òun ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó láti orí igi kan dé orí òmíràn. Òdòdó tí kò bá rí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, jíjá ló máa já bọ́. Nínú 100 òdòdó, èyí tó ń di ọmọ kòkó kì í sábà tó márùn-ún.

Inú ewé kòkó tó ti ń rà nílẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, inú èèpo kòkó tó ń jẹrà, inú òpó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé tó ṣì tutù. Ibẹ̀ ló ń yé sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì ti ń dàgbà. Àgbẹ̀ tó bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ féfé, tó kó ewé jọ, tó dáná sun ún, ilé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sun yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ewé wà nílẹ̀. Bí ẹ bá bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé òpó rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ fọ́n ọn káàkiri abẹ́ kòkó. Ẹ má kó o jọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì ń so, kí kòkòrò tó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má bàa wá fi ibẹ̀ ṣelé. Èèpo kòkó tí kò ní àrùn, ẹ lè fi sílẹ̀ ní ojú ibi mélòó kan nínú oko. Àmọ́ kòkó tó ti dúdú, tó ti ń rà lórí igi, ìyẹn kò yẹ ní fífi sílẹ̀ rárá. Ẹ ká a, kí ẹ gbẹ́lẹ̀, kí ẹ sin ín, torí láti ara rẹ̀ ni àrùn náà ti ń ran òmíràn.

Ọ̀rọ̀ oògùn fífín le díẹ̀. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu wà lóòótọ́, ó sì ń ba oko jẹ́. A ò lè ní kí ẹ má fín. Ẹ kọ́kọ́ rìn yíká oko ná, kí ẹ má kàn fín oògùn torí pé ẹ gbọ́ ariwo páǹpù lóko aládùúgbò. Bó bá jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo ni kòkòrò náà wà, ìhà yẹn ni kí ẹ fín. Ẹ má fín in ní àárọ̀ tí òdòdó bá pọ̀ lára igi, torí àsìkò yẹn gan-an ni kòkòrò òdòdó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ sàn, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti dákẹ́. Ẹ sì wo èèrà pupa tó máa ń lẹ ewé pọ̀ kọ́lé lórí igi. Mo mọ̀ pé ó ń gé ènìyàn jẹ gan-an nígbà tí a bá ń ká kòkó, ṣùgbọ́n ó ń pa kòkòrò afamu yẹn jẹ. Bí ilé rẹ̀ kò bá sí lójú ọ̀nà yín, ẹ jẹ́ ó wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pẹ. Àwọn ará Malaysia gbin ọ̀pẹ lọ salalu, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń da lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó sára abo, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì ń ná lé e. Ní 1981, wọ́n kó kòkòrò kékeré kan láti Cameroon lọ sọ́hùn-ún, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kòkòrò yìí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, inú akọ òdòdó tó ti ń gbẹ ló sì ń bímọ sí. Bí ẹ bá ń tún ọ̀pẹ ṣe, ẹ má gé gbogbo akọ òdòdó dànù.

Igi tí ẹ lè dá sí

Ẹ kò nílò owó láti ní igi nínú oko. Bí ẹ bá ń roko, tí ẹ rí ọmọ ahùn, ọmọ afàrà, ọmọ àyúnrẹ́ tàbí ọmọ ìrókò tó hù fúnra rẹ̀, ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ so àkísà pupa mọ́ ọn, kí alágbàṣe má fi àdá bẹ́ ẹ. Ní Ghana, igi ńlá 15 sí 18 lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n máa ń gba àgbẹ̀ kòkó níyànjú láti ní. Kò pọ̀ jù, kòkó yóò sì rí ibòji lásìkò ọ̀dá.

Ẹ má gbin ìrókò jọ sójú kan ní gbangba. Kòkòrò kan wà tó máa ń mú ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ wú ní kókó-kókó títí igi náà á fi ràn. Bó bá wà lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín igi mìíràn, tó rí òjìji díẹ̀, ó sábà máa ń là á já. Àràbà ní tirẹ̀, ẹ má gbìn ín sáàárín kòkó, torí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú lè fi ara pamọ́ sí i lára. Èyí tó bá ti wà lẹ́yìn oko, tó jìnnà sí kòkó, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àdán

Ẹni tó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ mọ bí àdán ṣe máa ń pọ̀ lójú ọ̀run tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ju pé a ń fi ìbọn yìn ín lọ. Àdán yìí ló ń jẹ èso ìrókò, tó sì ń ya hóró rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí igi tuntun ti lè hù. Ní ìhà Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, níbi tí igi igbá wà, òdòdó igbá tó rí roboto, tó pupa, tó ń so rọ̀, alẹ́ ló ń sun oje dídùn, àdán sì ni àlejò rẹ̀ pàtàkì jù lọ. Ìyá tó ń se irú ń jẹ nínú iṣẹ́ àdán. Ẹ má fi ọwọ́ mú un o, ẹ má sì jẹ èso tó bá ti fẹnu kàn, torí ó lè gbé àrùn. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀.

Eku, òwìwí àti ibà Lassa

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ibà Lassa. Eku ló ń gbé e, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku sì ni àrùn náà wà. Òwìwí ń ṣọdẹ eku ní gbogbo òru. Bẹ́ẹ̀, bí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òkò ni a kọ́kọ́ ń wá, a ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ jẹ́ kí ẹyẹ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ejò tí ẹ bá pàdé lọ́nà oko, ẹ yà fún un, eku ni oúnjẹ òun náà. Ẹ jáwọ́ nínú sísun igbó lásìkò ọyẹ́: iná máa ń kọjá ibi tí ẹ fẹ́, eku tó bá sì ń sá fún iná, ilé ló ń sá wọ̀. Gàárì àti ẹ̀lùbọ́, ẹ má sá a sí etí títì, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ohun tó ní ìdérí tó dé pinpin.

Odò

Ẹni tó ń da Gamalín, oògùn apakòkòrò, sódò láti fi pa ẹja ń pa ẹja, ọmọ ẹja, akàn àti ẹni tó máa mu omi náà nísàlẹ̀ odò. Kẹ́míkà lindane tó wà nínú rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí àdéhùn àgbáyé lórí kẹ́míkà olóró, tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Stockholm, fi kà á mọ́ àwọn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀, ní 2009. Oògùn apakoríko tó ní paraquat náà, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ má rà á. Ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀, bí ìṣísẹ̀ 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ má fọ páǹpù sódò. Ike oògùn, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi rẹ̀ padà sínú páǹpù, kí ẹ sì dá ike náà lu, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi rọ epo tàbí kí ọmọdé fi bu omi.

Igbó ìlú àti àwọn ọdẹ

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja. Ọ̀pọ̀ ìlú ní igbó irú rẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ti di Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, a ò bọ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ mọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí nìyẹn láti gbé ẹ̀rọ ìgégi wọ̀ ọ́. Inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni orísun omi ìlú sábà máa ń wà.

Ẹ̀yin ọdẹ, akika ń tán lọ. Ikán àti èèrà ló ń jẹ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lábẹ́ àdéhùn CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, pé kí òwò gbogbo oríṣi rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá ẹnubodè dópin. Bí pàkúté bá mú un láàyè, ẹ tú u sílẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ ti rí i, ní alẹ́, torí alẹ́ ló sábà máa ń rìn.

Ẹ pe ìpàdé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ fẹnu kò lórí igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní ro, àti oṣù tí a kò ní dọdẹ nítorí ẹran tó lóyún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí baálẹ̀, olórí ọdẹ àti ìyálọ́jà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn igi tó wà ní ààlà, kí àlejò tó bá wá gba ilẹ̀ oko lè mọ ibi tí àdá rẹ̀ yóò dé.