Bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú afárá onígi alórùlé kó má bàa rà

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn tọ́jú afárá onígi tó ní òrùlé, irú àwọn tó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont àti New Hampshire lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ má tíì gbójú sókè o. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ibi tí orí ìtì igi gígùn tó gbé gbogbo afárá ti jókòó lé òkúta létí odò. Ibẹ̀ ni igi ti sábà máa ń kọ́kọ́ rà.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ́lé lé afárá lórí, àwọn míì ní torí kí ẹṣin má bàa rí omi kí ẹ̀rù bà á ni. Torí igi ni jàre. Èyí tí wọn ò bá bò, láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún ó ti lè rà, èyí tí wọ́n bò á lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n bá ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ wo Cornish-Windsor tó so ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọdún 1866 ni wọ́n kọ́ ọ, ó gùn tó nǹkan bíi 449 ẹsẹ̀ bàtà, mọ́tò ṣì ń gbà á kọjá, pátákó àtijọ́ tó ní kéèyàn má jẹ́ kẹ́ṣin sáré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó san dọ́là méjì, ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́. Ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó. Táyà mọ́tò á kó ẹrẹ̀ wọlé, á kó iyọ̀ tí wọ́n dà sí títì nígbà sínóò, gbogbo ẹ̀ á gba àárín pákó ilẹ̀ jò lọ sórí ìtì igi yẹn, ìgbẹ́ ẹyẹlé á tún kún un, á wá máa fa omi mọ́ra bíi kànìnkànìn. Ẹ mú ọkọ́ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ha á títí ẹ ó fi rí ojú igi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí sínóò bá yọ́ tán àti kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fomi fọ̀ ọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣe é, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi wá, ó mọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n a ti omi wọ gbogbo oríkèé igi, oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, ó dùn mí gan-an torí mo kọ́ṣẹ́ káfíńtà n'Íbàdàn kí n tó dé ibí, ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

Tó bá ti mọ́, ẹ mú sukudiráfà àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi gún igi díẹ̀díẹ̀, ní abẹ́ pàápàá. Tó bá le, tó ń dún kó kó kó, ó dáa. Tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn fi fọ́ọ̀kì gún iṣu sísè, ó ti rà nínú, bó ti wù kí ojú ẹ̀ dán tó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì tó ń wọn omi inú igi, tó bá ti ń fi ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún hàn, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan. Ìgbà yẹn lẹ tó máa wo òkè: páànù tó ṣí, pákó ẹ̀gbẹ́ tó já, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ihò kékeré lórí òrùlé, ẹ dí i lọ́jọ́ náà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan igi tó gbẹ́rù, ẹ pe ẹ̀ńjíníà tó mọ afárá onígi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọgbọ́n ìkọ́lé tí Ithiel Town, ayàwòrán ilé kan, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1820 ni wọ́n fi kọ́ wọn, pákó tí wọ́n dábùú ara wọn bí ìgbà tí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀, ìṣó onígi ló sì dè wọ́n pọ̀. Tí apá kan bá rà, apá yẹn nìkan ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi irú igi kan náà so ó, kí wọ́n kọ ọdún sára tuntun náà kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sáré lẹ irin mọ́ ọn, irin á máa tutù, á sì máa fi omi pamọ́ sára igi.

Iná ńkọ́? Cedar Bridge ní Iowa, wọ́n dáná sun ún ní 2002, wọ́n tún un kọ́, wọ́n tún sun ún ní 2017. Ẹ ro koríko gbígbẹ àti pàǹtírí kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹ bá àwọn panápaná àdúgbò sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì fi iná mànàmáná àti kámẹ́rà síbẹ̀. Tírélà tó ga jù náà ń ṣe é léṣe, irin tí wọ́n bá gbé dábùú lókè títì ṣáájú afárá á ti kọ́kọ́ dá a dúró.

Omi ló tún burú jù. Ní August 28, 2011, ìjì Irene gbé Old Blenheim Bridge lọ ní New York, tí wọ́n ti kọ́ láti 1855, ó sì gbé ti Bartonsville ní Vermont lọ. Torí náà ẹ máa kó ìtì igi tí odò bá gbé há sẹ́sẹ̀ afárá kúrò kí òjò tó pọ̀, kẹ́ ẹ sì wọn gbogbo igi, kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn níkọ̀ọ̀kan, torí tó bá lọ, àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi tún un kọ́ bó ṣe wà. Ẹ ta okùn láti ẹnu kan dé èkejì, ẹ wọn bí igi àárín afárá ṣe jìnnà sí okùn náà tó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá tún ta á lọ́dún tó ń bọ̀ tí àárín ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, ẹ ti títì náà pa lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ pe ẹ̀ńjíníà.