Bí a ṣe ń mú agbaṣẹ́ṣe tún iṣẹ́ ilé tó bàjẹ́ ṣe

Ilé ìwẹ̀ bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ là ń tún ṣe. Táìlì ń dán, agbaṣẹ́ṣe ti nu ọwọ́, ó ń retí owó tó kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti fi iṣẹ́ bíríkìlà jẹun rí, bu omi sínú ike, ó dà á sílẹ̀. Omi kọrí sí pálọ̀. Ihò tó yẹ kó gbà jáde wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, yóò gbẹ náà ni."

Ẹ̀gbọ́n kò fèsì. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n ń fi kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: kọ̀, kọ̀, kọ̀, gbòò. Èyí tó bá dún gbòò, sìmẹ́ǹtì kò kún abẹ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún la kà. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ tò síbí, àti èyí tó yẹ ká ti ṣe ṣáájú.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró láì pariwo. Ẹni tí ẹ bá bú lónìí lè kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ lálẹ́, kí fóònù rẹ̀ má sì lọ mọ́. Ẹ kàn ní kí wọ́n sinmi ná, pàápàá tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀, bíi páìpù, wáyà tàbí irin. Ohun tí táìlì bá ti bò, òòlù ló kù tí yóò ṣí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò fúnra yín. Páìpù: kí wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ṣí omi sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ògiri: ẹ na okùn láti igun kan sí èkejì, ibi tó bá yọ ikùn yóò hàn. Pílásítà: ẹ fi ìka ha á. Bí yẹ̀pẹ̀ bá ń ya sí yín lọ́wọ́, sìmẹ́ǹtì kò tó, tàbí kò rí omi mu. Àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg kan kì í sábà ju bàrò yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta lọ fún pílásítà, nítorí náà ẹ máa ka àpò òfìfo kí wọ́n tó kó wọn dànù. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́, bíi ti àárín ìlú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì wáyà mọ́ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í sábà bára wọn gbé pẹ́.

Gbogbo sísán kọ́ ni ẹ̀bi agbaṣẹ́ṣe o. Lásìkò ọyẹ́, pílásítà tí a kò wọ́n omi sí fún bí ọjọ́ 7 yóò la wẹ́wẹ́. Bó bá ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó máa wọ́n ọn, tí ẹ gbàgbé, ẹ gbà fún un.

Ẹ ya fọ́tò àti fídíò, kí ohùn "gbòò" yẹn wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹnu lásán kò tó. Ohun tí a kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Táìlì 17 ń dún gbòò ní ilé ìwẹ̀, omi kò sì ṣàn lọ sí ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Owó yín wà nílẹ̀, ẹ ó gbà á tó bá ti parí."

Bó bá jiyàn, ẹ pe bíríkìlà mìíràn, ẹni tí kò ní gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í rí dáadáa nínú iṣẹ́ ẹlòmíì.

Owó tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹnu yín. Àwa ti san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, díẹ̀ báyìí ló kù tí a fi lè sọ̀rọ̀. Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí, ẹ sì má san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti ohun èlò ló máa ń fa ìjà. Nínú tiwa, àwa náà pín nínú ẹ̀bi, a ti ń lé e pé kó yára, pé ìnáwó òkú màmá àgbà ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, a ra sìmẹ́ǹtì, òun ra táìlì, ó sì ṣe iṣẹ́ náà láì gbowó.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹni tó mú un wá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà, lẹ́yìn náà baálé àdúgbò. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ó tún un ṣe tàbí kó dá apá kan owó padà. Lọ́yà lè kọ lẹ́tà lé e lórí kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Ẹ má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí ìyẹn nìkan.

Kí ẹ tó san èyí tó kù, ẹ tún da omi sílẹ̀, ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Ní tiwa, omi lọ síbi tó yẹ kó lọ, ṣùgbọ́n táìlì méjì ṣì dún gbòò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yọ wọ́n níṣojú wa, ó tún wọn tẹ́, kó tó gbowó.