Bí A Ṣe Ń Ya Ìtànṣán Oòrùn Nínú Ìkùukùu Òwúrọ̀ Ní Èkìtì

Ìtànṣán oòrùn tó ń gba àárín igi kọjá kì í hàn sójú bí kò bá sí ohun tí yóò bá ìmọ́lẹ̀ náà pàdé lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀kán omi tíntìntín inú ìkùukùu ló sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, nínú oṣù kẹfà, bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, tí ojú ọ̀run wá mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà ya irú àwòrán yìí má ṣe sùn mọ́jú. Àwọn kan gbà pé ìgbà ọ̀yẹ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n eruku ló ń bo ojú ọ̀run nígbà náà, ó sì máa ń ṣú bo oòrùn débi pé òjìji igi kì í dúró dáadáa.

Àfonífojì ni kí ẹ wá lọ, torí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ibẹ̀ ló sì máa ń ṣàn sí. Ẹsẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dára. Ìkógòsì náà dára, níbi tí omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pàdé lábẹ́ igi ńláńlá. Bó bá jẹ́ oko kòkó, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko, kí ẹ sì wọ bàtà òjò nítorí ejò. Àárín oko máa ń ṣókùnkùn jù. Etí oko, níbi tí ewé ti dá lu, ló yẹ.

Oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago 6:30, nítorí náà ẹ ti dé ibẹ̀ ṣáájú aago mẹ́fà. Ẹ kọjú sí oòrùn, ẹ má ṣe kọ̀yìn sí i, nítorí apá iwájú ni ẹ̀kán omi ń tàn ìmọ́lẹ̀ sí jù lọ. Kí ìtì igi kan bo ojú oòrùn gan-an: bí ẹ bá sún ẹsẹ̀ kan péré sí òsì tàbí ọ̀tún, ẹ ó rí i tí ìtànṣán yóò máa gé yọ létí èèpo igi náà, tí òjìji tó dúdú yóò sì pín in sí ọ̀nà púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú wo oòrùn láti inú kámẹ́rà, ó lè ba ojú jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) àti 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé), kí ẹ wá dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ìtànṣán kò fi ní funfun báláú. Lórí fóònù, ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú gíláàsì mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró síbẹ̀, kí ẹ fa ìka wálẹ̀. Ẹ pa fíláàṣì, torí ẹ̀kán omi tó wà nítòsí nìkan ni yóò tàn sí. Ẹ pa HDR náà, ìyẹn ètò tó ń pa àwòrán púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, nítorí ó máa ń mú òjìji mọ́lẹ̀, òjìji yìí gan-an ló sì ń mú ìtànṣán hàn. Ìkùukùu máa ń dààmú kámẹ́rà tó ń wá ibi tí yóò dojú kọ, nítorí náà etí ìtì igi ni kí ẹ tọ́ka sí.

Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù sí lẹ ti bọ́ sílẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú báàgì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí oru má baà bo lẹ́ńsì. Nígbà tí ẹ bá ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe lo irinṣẹ́ tó ń mú kùrukùru kúrò. Òun ni yóò kọ́kọ́ pa ìtànṣán tí ẹ tìtorí rẹ̀ jí.