Iná check engine, P0442 tàbí P0455: ẹ má tíì ra kánísítà o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Sienna àtijọ́, tí scanner (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe mọ́tò) bá gbé P0442 tàbí P0455 jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò, kẹ́ ẹ tó ra kánísítà, ike tó ń gba afẹ́fẹ́ epo láti tánkì pamọ́, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà tó yí inú ìdérí tánkì epo ká, bóyá ó ti gan tàbí ó ti là, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ epo sábà máa ń gbà sá jáde. Tíyẹn bá dáa, ó kan purge valve tó wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn fáàfù tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ epo láti kánísítà. Ẹ táná sí mọ́tò kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ lójú kan, ẹ yọ wáyà orí valve yẹn, ẹ tú họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti kánísítà, kẹ́ ẹ wá fi ìka dí ẹnu valve níbi tẹ́ ẹ ti tú họ́ọ̀sì náà. Kò gbọdọ̀ fa ìka yín rárá, torí tí iná ò bá ti sí lára ẹ̀, ṣe ló yẹ kó pa dé gbọin. Tó bá ń fà, ó ti há nìyẹn, òun gan-an ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, owó ẹ̀ ò sì tó ti kánísítà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí sìgá tàbí iná súnmọ́ ibẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àmọ́ àyẹ̀wò yìí ò lè mú họ́ọ̀sì tó là lórí tánkì, ìyẹn di ẹ̀rọ eléèéfín (smoke machine), tó ń fi èéfín wá ibi tó ń jò, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.