Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìwé eré fíìmù kúkurú àkọ́kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù kúkurú àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kò lè wá ibi tí yóò ti yà á tì. Láti orí ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ, gbogbo òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló tẹ́ rẹrẹ lójú èèyàn. Fóònù tó ń ya àwòrán tó mọ́ sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fíìmù ló ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà jáde. Inú ìwé eré, ìyẹn ìwé tí a kọ ìṣe àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sí, ló ti bàjẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn fẹ́ kó gbogbo ayé ẹnì kan sínú rẹ̀. Wọ́n á bí ọmọ, ìyàwó bàbá rẹ̀ á fìyà jẹ ẹ́, á sá lọ sí Èkó, á lówó, á padà wálé wá gbẹ̀san. Ojú ewé kan nínú ìwé eré tí a tò bó ṣe yẹ máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Tí ìwé yín bá jẹ́ ojú ewé 10, ìṣẹ́jú 10 lẹ ní, gbogbo ayé ọmọ yẹn kò sì lè gbà síbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar ṣì ń ka fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ sí kúkurú, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọ̀sán ọjọ́ kan péré. Àdùkẹ́ ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ láìgbàṣẹ, ìyá sì ń bọ̀ láti ọjà Bódìjà. Ó tó.

Ẹ má kọ ohun tí ojú kò lè rí. "Àdùkẹ́ ń kábàámọ̀, ó ń rántí gbogbo ìyà tí ìyá rẹ̀ ti jẹ lórí rẹ̀" dára nínú ìwé ìtàn, àmọ́ kí ni oníkámẹ́rà fẹ́ yà níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ pé ojú ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì hàn lórí sìmẹ́ǹtì, pé Àdùkẹ́ tẹ́ ẹní bò ó, ó wò ó, ó ká a kúrò, ó tún tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń dùn mí jù, nítorí ibẹ̀ ló yẹ kí àwa Yorùbá ti dáńgájíá. Eré orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ wa jogún. Lẹ́yìn tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbé eré láti ìlú dé ìlú. Òṣèré orí ìtàgé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń dùn ún síta, torí ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò rí omijé rẹ̀. Iwájú ojú òṣèré gan-an ni kámẹ́rà máa ń dúró sí. Nítorí náà, "Ìyá mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi nìkan ni ọmọ tí ẹ ní" kò bá a mu rárá. Àwọn méjèèjì ti mọ̀ ọ́n. Ònwòran lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ó sì máa fura.

Ìkíni ńkọ́? Mo ti rí ìwé eré tí ojú ewé kan gbáko nínú rẹ̀ jẹ́ "Ẹ kúulé o", "Ẹ káàbọ̀ mà", "Ọjà ńkọ́?", "A dúpẹ́". Ìṣẹ́jú kan ti lọ, ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíì á wá yọ gbogbo ìkíni kúrò, ọmọ á wọlé bá àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, gbogbo ilé tó ń wò ó á sì máa bi ara wọn pé irú ọmọ wo nìyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìran náà lẹ́yìn ìkíni. Kí Àdùkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, kí ìyá ti máa wo àyè tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá wá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ó dúró gbọin, a jẹ́ pé ẹ ti sọ nǹkan ńlá láìla ẹnu.

Àwọn kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n ní òṣèré á túmọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Yorùbá tí a túmọ̀ lórí ìdúró kì í dà bí ohùn ẹnikẹ́ni. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ló ń fi òwe dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ lọ jókòó sí ìdí ìyá alágbo ní Bẹẹrẹ, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ìran alẹ́, òjò, jàǹbá ọkọ̀ Micra, èrò rẹpẹtẹ ní Dùgbẹ̀: owó ni gbogbo wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá sì pọ̀ nínú ìran, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ìtòsí jẹnẹrétọ̀. Ariwo á bo òṣèré mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí kámẹ́rà máa gbà yí, iṣẹ́ olùdarí ni, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ máa darí. Àkọlé ìran kọ̀ọ̀kan kàn gbọ́dọ̀ sọ bóyá inú ilé ni tàbí ìta, ibi tó jẹ́, àti bóyá ọ̀sán ni tàbí òru.

Tí ìyá bá ti mọ òótọ́, ẹ parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má pe wòlíì tàbí bàbá àdúgbò wọlé wá wàásù.

Kí ẹ tó pe oníkámẹ́rà, ẹ pín ìwé eré náà fún ọ̀rẹ́ méjì, kí wọ́n kà á sókè, kí ẹ̀yin máa wo aago. Ẹ má bá wọn ṣàlàyé ohunkóhun. Ibi tí ahọ́n ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ìyá bá ti kọ́, ẹ fàlà sí i, ẹ tún un kọ, ẹ sì ní kí wọ́n tún un kà.