Bí mo ṣe mọ ilé béárìn, tí mo tún gbẹ́ ẹ, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ìsánlú ló fẹ́ tún ṣe, kò sì fẹ́ fi irin ṣòfò. Ó ní, "Àbúrò, fi rọ́bà ṣe ilé béárìn rẹ̀ ká wò ó ná." Béárìn ni òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí wọ́ọ́rọ́wọ́; ilé rẹ̀ ni ohun tó dì í mú. Béárìn 6202 ni: ihò rẹ̀ 15 mílímítà, ìta rẹ̀ 35.

Ẹ̀rọ mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 3D printer, ní orí méjì tí mò ń pààrọ̀. Ọ̀kan ń yọ́ okùn PLA, irú rọ́bà kan, ó ń tò ó ní ìpele-ìpele bí ẹni ń mọ ògiri. Èkejì ní ọbẹ, ó ń gbẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé mímọ nìkan á tó. Mo ní kó ṣe ihò 35. Kálípà tí mo fi wọ̀n ọ́n fi 34.6 hàn. Mo fẹ̀ ẹ́ sí i, béárìn wọlé, ṣùgbọ́n ó ń mì, torí ihò náà kò rí róbótó dáadáa.

Mo wá mọ ihò sí 34, kí ọbẹ lè rí nǹkan jẹ. Ìlà mẹ́fà ni mo fi yí i ká, ìkọ̀ọ̀kan 0.4, kí ọbẹ má baà jẹ dé inú tó rí bí afárá oyin.

Pípààrọ̀ orí gan-an niṣẹ́ wà. Bí iṣẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ọbẹ kò ní mọ àárín ihò mọ́, PLA sì máa ń ṣí lórí gíláàsì tí ẹ̀rọ ń mọ ọ́n lé bó bá ti tutù. Mo ti mọ etí mẹ́rin mọ́ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí n tó pa iná abẹ́ gíláàsì náà. Mo jẹ́ kí ọbẹ ha 0.1 péré. Apá òsì nìkan ló ha! Mo sún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ha yíká.

Ó kù, ọbẹ ń yí sáré jù. PLA ń rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 60, kíá ló yọ́ mọ́ ọbẹ. Mo dín eré rẹ̀ kù, mo lo ọbẹ olójú kan, mo sì ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ èérún rẹ̀ dànù. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn jálẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín ìgbẹ́, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó dé.

Ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò ti béárìn wọlé. Ó wọ̀ ṣinṣin. Ẹ̀gbọ́n yí i, ó tún yí i, ó ní kí n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú bébà, òun ń lọ wá irin.